Ẹnjiníà ti wá, ó ti lọ, láptọ́ọ̀pù ṣì ń kú

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Òṣogbo. Láptọ́ọ̀pù HP tòkunbọ̀ kan ni mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, òun náà ni máàkì àwọn ọmọ wà lórí ẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Màá wà lẹ́nu iṣẹ́, á kàn ṣàdédé pa. Mo pe ẹnjiníà kan wá sílé. Ó ní bátìrì ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó sì tún fọ́ọ̀màtì gbogbo ẹ̀. Mo sanwó bátìrì, mo sanwó iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún kú. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé touchpad tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ ò dáhùn mọ́, Wi-Fi náà ò sì mú àfi tí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ Wi-Fi gan-an. Mo pe ẹnjiníà padà. Ó ní bọ́ọ̀dù ló ti ń lọ, pé kí n wá owó bọ́ọ̀dù mìíràn. Ṣé kí n san án ni, àbí kí n kúkú ra láptọ́ọ̀pù tuntun?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ má sì tíì ra òmíràn.

Ìyọnu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú lẹ́tà yín. Ọ̀kan ti wà kí ẹnjiníà tó dé: láptọ́ọ̀pù ń kú. Èkejì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó tú u tán: touchpad àti Wi-Fi. Ẹnjiníà ti kó méjèèjì pọ̀, ó sì pe gbogbo ẹ̀ ní “bọ́ọ̀dù”. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí pé tí èèyàn bá ti gbọ́ bọ́ọ̀dù, kò ní béèrè mọ́ pé ta ló já wáyà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn ṣáájú. Lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, abẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí i kí ọwọ́ tó kan bátìrì. Nítòsí bátìrì yẹn ni wáyà pẹlẹbẹ kan wà tó ti ara touchpad lọ sínú bọ́ọ̀dù. Ẹnu tó wọ̀ ní ìdérí kékeré kan tí wọ́n ń gbé sókè kí wọ́n tó ki wáyà bọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì tẹ̀ padà kí ó lè dì í mú. Tí wáyà yẹn bá wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí wọn ò tẹ ìdérí náà padà, touchpad á dákẹ́. Ti Wi-Fi jọ bẹ́ẹ̀. Káàdì Wi-Fi máa ń ní wáyà tíńtín méjì, dúdú kan, funfun kan, tó gba inú fírémù síkíríìnì wá, tí orí wọn jẹ́ ide róbótó. Ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì náà títí á fi dún “kó”. Tí wọ́n bá tú kúrò, Wi-Fi ò kú pátápátá, ó kàn ń mú nítòsí nìkan ni. Ohun tí ẹ kọ sí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn! Kò sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ rà fún èyí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má fi èékánná ṣe é fúnra yín, ìdérí kékeré yẹn tètè máa ń kán, tó bá sì kán, ọ̀rọ̀ á wá di ti bọ́ọ̀dù lóòótọ́.

Kí wọ́n tó ṣí i rárá, ẹ rántí pé ẹnjiníà fọ́ọ̀màtì ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò dá dráífà touchpad, ìyẹn ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́, padà síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gba dráífà láti ojú-ìwé HP fúnra ẹ̀, èyí tó bá nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù yín mu. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá ku ìyọnu àkọ́kọ́. Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣàdédé kú ní ìgbà tó ń kú, ìgbà náà ló sì máa ń tọ́ka sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ mú ìwé, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ló kú, kí lẹ ń ṣe lórí ẹ̀, ṣé iná wà lára ẹ̀, bátìrì wà ní ìdá mélòó? Tó bá jẹ́ ìgbà tí kò sí nínú iná nìkan ló ń kú, tí bátìrì sì ń kà 40% tàbí 30% nígbà tó kú, a lè fura sí bátìrì. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ gbé e kúrò lójú kan tàbí tí wáyà ṣájà mì, ihò ṣájà ni ká wò. Ṣùgbọ́n tó bá ń kú lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tó pọ̀ jù lọ́sàn-án tàbí tí ẹ bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò sì jí àfi tó bá ti tutù, ooru ni.

Ooru ni èmi fi ọkàn sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé tòkunbọ̀ ni, àti pé kò sí ibì kankan nínú lẹ́tà yín tí ẹnjiníà ti nu fáànù. Inú láptọ́ọ̀pù ní fáànù kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ìhùhù aṣọ máa ń kóra jọ sáàárín fáànù àti àwọn irin yẹn títí á fi dì bí òwú. Ẹni tó kàn fẹ́ ẹ láti ìta ò lè rí i, àfi kó yọ fáànù. Bákan náà ni paste tó wà láàárín ojú ẹ̀rọ tó ń ronú, ìyẹn CPU, àti irin tó ń gbé ooru kúrò lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á gbẹ, á sán, ooru ò ní rí ọ̀nà gbà lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ CPU Intel inú láptọ́ọ̀pù ló ní 100°C gẹ́gẹ́ bí òpin. Bó bá ti ń dé ibẹ̀, á kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo nǹkan á máa lọ́ra. Tí ooru bá tún ń lọ sókè, á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Bátìrì tuntun ò lè wo èyí sàn, fọ́ọ̀màtì náà ò lè wò ó sàn. Ẹ sọ fún ẹnjiníà pé ẹ fẹ́ kó yọ fáànù lójú yín, kó nu paste àtijọ́ kúrò pátápátá, kó sì fi tuntun sí i.

Ṣájà náà ńkọ́? Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ HP ń lo 19.5V. Èyí tó bá kọ 3.33A jẹ́ 65W, èyí tó bá kọ 2.31A jẹ́ 45W. Láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 65W tí wọ́n fún ní 45W lè máa jẹ bátìrì ẹ̀ bó tilẹ̀ wà nínú iná. Ẹ tún wo imú ṣájà: abẹ́rẹ́ kan wà láàárín ẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù fi ń mọ irú ṣájà tó bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ti wọ́ tàbí tó kán, kò ní gba iná bó ṣe yẹ.

Àyẹ̀wò mẹ́ta kan wà tí ẹ lè fúnra yín ṣe kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra títí BIOS á fi yọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú ṣájà lára ẹ̀. Windows ò tíì wọlé níbẹ̀. Tó bá kú síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé fọ́ọ̀màtì tí ẹ sanwó fún ò kan ọ̀rọ̀ náà. Tí kò bá kú, ìyẹn ò tíì dá ara ẹ̀rọ láre, torí iṣẹ́ ò pọ̀ lórí ẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ F2, ètò àyẹ̀wò HP á yọ. Ẹ jẹ́ kó yẹ memory àti hard disk wò, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán èyíkéyìí tó bá sọ pé kò yege, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá kọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ bátìrì tí ẹ ti sanwó fún. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀. Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé àbọ̀ kan sí. Nínú ẹ̀, DESIGN CAPACITY ni agbára tí bátìrì ní nígbà tí wọ́n ṣe é, FULL CHARGE CAPACITY ni agbára tó kù, CYCLE COUNT sì ni iye ìgbà tí wọ́n ti fi iná kún un. Bátìrì tuntun ò gbọ́dọ̀ kà 300 ní CYCLE COUNT, agbára tó kù ò sì gbọ́dọ̀ fi ibi púpọ̀ kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Tí tiyín bá kà tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí agbára ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, àlòkù ni wọ́n tà fún yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó yín.

Bọ́ọ̀dù máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, n ò ní kí ẹ má gbà á gbọ́ láé. Ohun tí mò ń sọ ni pé òun ni ká fẹ̀sùn kàn kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀rí. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ fi sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú láptọ́ọ̀pù àlòkù mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí ẹnjiníà bá sì ní òun á fi blower mú èyí tó wà níbẹ̀ gbóná, ẹ kọ̀. Ó lè jí fún ìgbà díẹ̀, kó tún padà kú lẹ́yìn tó ti gbowó lọ.

Nígbà tí ẹ bá pè é padà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ́ tún un ṣe tí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ dá touchpad àti Wi-Fi padà sí bó ṣe bá wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tó di pé ẹ jọ sọ̀rọ̀ ohun mìíràn. Ẹ gba bátìrì àtijọ́ padà lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ṣì wà, àmọ́ tó bá ti wú, ẹ má gbà á wọlé. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ ohun tó pààrọ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò dára tún un ṣe, tàbí kó dá nínú owó yín padà. Tó bá kọ̀, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin yìí, lẹ máa kọ̀wé sí, rìsíìtì yẹn sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Kí ó tó tún fọwọ́ kàn án, ẹ da ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ tó bá wà lórí ẹ̀ lẹ́yìn fọ́ọ̀màtì yẹn sórí flash méjì. Kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà ní ilé-ẹ̀kọ́.