CV tí wọn kò ní tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Bí ìpolówó iṣẹ́ bá jáde lórí WhatsApp láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán àwọn ọ̀dọ́ á ti tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onítáìpù ní Ọláìyá àti Old Garage, ní Òṣogbo. Onítáìpù á ṣí fáìlì ẹni tó wá lánàá, á yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò, á fi tiyín sí i. Kò pẹ́ tí CV á fi jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé CV èèyàn márùn-ún tó ti inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo jáde lè dé iwájú ọ̀gá kan náà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà àti àṣìṣe sípẹ́lì kan náà. Ọ̀gá ò ní mọ ẹni tí ì bá pè nínú wọn.

Iṣẹ́ tí CV wà fún ni kí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ tètè rí i pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kó sì pè yín wá fún íńtáfíù. Nítorí náà, gbogbo ìlà tó bá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ lè fẹnu ara yín ṣàlàyé bí wọ́n bá bi yín. Ohun tí ẹ ò bá lè dúró tì, ẹ má kọ ọ́. Ẹ lè fi iṣẹ́ títẹ̀ sílẹ̀ fún onítáìpù, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ ohun tó máa tẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

1. Ẹ ka ìpolówó iṣẹ́ náà dáadáa

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tí gbígba ìwé máa parí, tí wọn ò sì ka ìyókù. Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ń fẹ́. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òṣogbo ń wá ẹni tí yóò máa gba àlejò, tó ní ó gbọ́dọ̀ lè lo kọ̀ǹpútà, kó lè ṣiṣẹ́ alẹ́, kó sì gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun mẹ́rin nìyẹn. CV yín gbọ́dọ̀ dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ̀ka mẹkáníìkì ilé-iṣẹ́ ọtí ní Iléṣà kò bìkítà bóyá ẹ lè gba àlejò. Ẹ̀rọ tí ẹ ti fọwọ́ kàn rí ló fẹ́ mọ̀. Ẹ ní CV kan tó kún, tí gbogbo nǹkan tí ẹ ti ṣe wà nínú rẹ̀, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí iṣẹ́ bá ti jáde, ẹ yọ ohun tó bá iṣẹ́ yẹn mu nínú rẹ̀.

2. Orúkọ, fóònù àti ímeèlì

Orúkọ tó bá wà lórí WAEC, lórí NIN àti lórí sàtífíkéètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga yín ni kí ẹ kọ, kó sì jẹ́ sípẹ́lì kan náà. Ẹni tó ń jẹ́ Oluwaseun lórí WAEC kò gbọdọ̀ di Seun lórí CV. Bí obìnrin bá ti yí orúkọ padà nígbà tó lọ́kọ, kó ti ní ìwé ìbúra ti kóòtù àti ojú ewé ìwé ìròyìn tó fi kéde rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí wọ́n á béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á.

Nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ní méjì, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ ka dígíìtì mọ́kànlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé bí ẹyọ kan bá ti yọ, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ímeèlì tí ẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ẹ fi orúkọ ìnagijẹ sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ṣí òmíràn tó jẹ́ orúkọ yín gan-an, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

3. Ohun tó yẹ kí ẹ yọ kúrò

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo CV máa ń gbé ka orí: pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ síwájú, níbi tí ẹ ti lè lo ẹ̀bùn yín. Kò sọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: ohun tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ti ṣe, ohun tí ẹ lè ṣe fún wọn. Bí àpẹẹrẹ: “Akọ̀wé owó tó gba HND ní Fẹ́dẹ́rà Pólì Ẹdẹ. Mo ti fi ọdún kan kọ àkọsílẹ̀ owó fún ilé-ìwé aládàáni. Mo mọ Excel lò.”

Ẹ yọ ẹ̀sìn, gíga ara àti orúkọ àwọn òbí, àfi bí ìpolówó bá béèrè. Ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè fún un nítorí òfin pínpín ipò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìbílẹ̀ yín. Ìlà-Oòrùn Iléṣà yàtọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, bẹ́ẹ̀ náà ni Atakúnmọ́sà ṣe pín sí méjì. Bí ẹ bá kọ “Iléṣà” lásán, wọ́n á tún béèrè.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìlú ọba ní Britain lẹ ń wá, ẹ yọ ọjọ́ ìbí, fọ́tò, ẹ̀sìn àti bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó. Òfin wọn ti 2010 lòdì sí kí agbanisíṣẹ́ fi ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn ṣe ojúsàájú, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ò fẹ́ rí i rárá.

BVN, nọ́ńbà NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì kò ní nǹkan ṣe nínú CV níbikíbi láyé. Ọwọ́ gbájúẹ̀ ni wọ́n máa bọ́ sí.

4. Ìwé tí ẹ kà

Èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ní dìgírì tàbí HND kò nílò láti kọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fún WAEC, ó tó kí ẹ kọ pé ẹ ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ẹ ní in.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ní ìpínlẹ̀ wa ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ti yí padà. Yunifásítì Ifẹ̀ di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ tó wà ní Iléṣà ti di Yunifásítì Iléṣà. Ilé-ìwòsàn LAUTECH tó wà ní Òṣogbo ti di ti UNIOSUN. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá fi orúkọ tuntun sínú àkámọ́. Ẹni tó gba NCE nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó wá kọ Yunifásítì Iléṣà nìkan, ti fi ara rẹ̀ sínú ìfura láìnídìí.

Bí ìpolówó bá béèrè ipò tí ẹ fi jáde, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí wọn ò bá béèrè, tí tiyín ò sì dára tó, ẹ lè má kọ ọ́. Àmọ́ ẹ má sọ Lower Credit di Upper Credit. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Salisu Buhari kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ní 1999 tó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, ó ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto, ó sì fi kún ọjọ́ orí rẹ̀ nítorí pé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí òfin béèrè nígbà náà. Kò lo oṣù méjì lórí àga kí àṣírí tó tú, tó sì kọ̀wé sílẹ̀. Títí dòní, “Toronto” làwọn èèyàn ń pe sàtífíkéètì ayédèrú.

5. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe

Ibí yìí làwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ò ní ìrírí, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bá ìyá wọn tajà láti kékeré. Òṣómàáló ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà sí: wọ́n ń gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì mọ bí owó wọn ṣe máa wọlé. Ọmọ irú wọn kọ́ ló yẹ kó máa sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ọjà títà.

Ẹ wo ìlà yìí: “Mo máa ń ran ìyá mi lọ́wọ́ lọ́jà.” Kò sí ẹni tó máa dúró kà á. Ẹ wá wo òun náà nígbà tí a tún un kọ:

Olùtajà, ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ọjà Atakúnmọ́sà, Iléṣà, 2020 sí 2023
– Mo ń kọ ìwé àwìn nǹkan bí 40 oníbàárà, mo sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
– Mo ń ka ọjà tó kù ní òpin oṣù, mo ń fi í wé ìwé tí a fi ra ọjà.
– Mo ń polówó aṣọ lórí WhatsApp, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Òṣogbo àti Ìbàdàn.

Ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe gan-an, iye wà níbẹ̀, ibi àti ọdún náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá báńkì kékeré tó ń wá ẹni tí yóò máa gba owó èsúsú yóò rí i pé ẹni yìí ti ń ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ iye gan-an, ẹ fojú bù ú, kí ẹ sì kọ “nǹkan bí”.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà kọ IT tí ẹ ṣe. Ní 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES sílẹ̀ láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì máa ń fún wọn ní ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ẹ wá ìwé yẹn jáde níbi tí ẹ jù ú sí. Ohun tí ẹ ti gbàgbé kún inú rẹ̀. Agùnbánirọ̀ tó kọ́ni náà kò gbọdọ̀ kọ “olùkọ́” kó fi mọ síbẹ̀. Kó sọ iṣẹ́ tó kọ́ wọn, kíláàsì wo, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó, àti ohun tó ṣe ní ọjọ́ CDS.

Ní Òṣogbo, ẹni tó kọ́ṣẹ́ àdìrẹ tàbí bátíkì ti kọ́ bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà àti bí a ṣe ń pa ọjọ́ oníbàárà mọ́. Ẹni tó bá ṣe amọ̀nà fún àlejò nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, nínú igbó tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ti ṣiṣẹ́ ìgbàlejò nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bí ọdún kan tàbí méjì bá wà tí iṣẹ́ ò sí, ẹ má yí ọdún padà láti bò ó. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà, ìbáà ṣe aṣọ rírán tàbí ìtọ́jú aláìsàn nílé.

6. Ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe

“Mo mọ kọ̀ǹpútà” kò tó mọ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀: ṣé Excel ni, ṣé ẹ lè fi í ṣe ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́? Bí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n lè ní kí ẹ jókòó ṣe é lójú wọn.

Ẹ má fojú di Yorùbá. Àjọ tó ń ṣe ètò ìlera tàbí tó ń yá àgbẹ̀ lówó ní abúlé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nílò ẹni tó lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kó yé wọn. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń sọ ọ́, pé ẹ ń kà á, pé ẹ sì ń kọ ọ́, bí ẹ bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ìwé kíkà, ìrìn-àjò àti bọ́ọ̀lù wíwò” tí wọ́n máa ń fi parí CV, ẹ pa á rẹ́.

7. Àwọn tí yóò jẹ́rìí yín

Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Kò yẹ kí ìkankan nínú wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí yín, ọ̀gá ibi tí ẹ ti ṣe IT tàbí ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ ti ṣe agùnbánirọ̀ ló dára jù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ wọn: “Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo ṣe IT lọ́dọ̀ yín lọ́dún 2021. Iṣẹ́ kan jáde tí mo fẹ́ kọ̀wé sí, mo fẹ́ tọrọ àyè láti fi orúkọ yín sílẹ̀. Ṣé nọ́ńbà yìí náà lẹ ṣì ń lò?” Lẹ́yìn náà, ẹ fi CV àti ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn, kó má bàa jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ pè wọ́n, tí wọ́n á máa béèrè pé, “Ta nìyẹn?”

8. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ojú ewé kan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, méjì fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ẹ lo lẹ́tà tó mọ́, aláwọ̀ dúdú, láìsí àpótí àti òdòdó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣa CV kí èèyàn tó kà á, gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn sì lè dà á láàmú.

Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn náà kà á. Ẹ wo ọdún: ẹni tó ní òun ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó lóṣù tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà yóò ṣàlàyé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní PDF, kí orúkọ yín àti orúkọ iṣẹ́ náà jẹ́ orúkọ fáìlì. Ẹ gba fáìlì tó ṣeé ṣàtúnṣe lọ́wọ́ onítáìpù, kí ẹ sì ní kó pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́. Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò CV ránṣẹ́. Ẹ má fi ímeèlì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá tí olúkúlùkù ń rí orúkọ ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó pè yín fún íńtáfíù, ẹ sá fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti irú CV tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú ìwé kékeré kan. Bí fóònù bá dún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ní, “Ẹ sọ fún wa nípa iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ́jà Atakúnmọ́sà,” ẹ ó ti mọ ẹni tó ń pè àti ìlà tó ń kà.