Bí Ọmọdé Bá Mọ Ọwọ́ Wẹ̀

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àwọn baba wa kò ní kí ọmọdé kọ́kọ́ hu irùngbọ̀n kó tó jókòó ti àwo. Ọwọ́ mímọ́ ni wọ́n béèrè. Ojú yìí ló yẹ ká fi wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò tí ì gboyè, tí wọ́n ń gbé ìwádìí wọn lọ síwájú aráàlú àti aṣòfin. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Council on Undergraduate Research, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, máa ń kó irú wọn lọ sí Washington tẹ́lẹ̀ fún ètò tí wọ́n pè ní Posters on the Hill. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ti pósítà rẹ̀, á máa ṣàlàyé fún aṣòfin tàbí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, tó sì mọ ibi tí ẹ̀rí òun pin sí, ti wẹ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Gregory Watson. Lọ́dún 1982, nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Texas ní Austin, ó rí àbá àtúnṣe òfin kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1789: pé bí owó oṣù àwọn aṣòfin àpapọ̀ bá yí padà, àyípadà náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi tún dìbò. Watson kọ ọ́ sínú iṣẹ́ kíláàsì pé àbá náà kò tí ì kú, nítorí kò sí gbèdéke lórí rẹ̀. Máàkì C ni wọ́n fún un. Ló bá ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ káàkiri pé kí wọ́n fọwọ́ sí àbá náà. Ìpínlẹ̀ Maine fọwọ́ sí i lọ́dún 1983, Colorado tẹ̀ lé e lọ́dún 1984. Nígbà tó di 1992, àbá náà ti wọ inú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2017 ni yunifásítì náà sọ C yẹn di A. Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ wọlé ni pé ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún, ohun náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kéré: oṣù díẹ̀ ló fi ṣe é, èèyàn díẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tó yẹ omi kànga àdúgbò kan wò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yẹ ti gbogbo ìpínlẹ̀ wò. Síbẹ̀, aṣòfin àdúgbò náà lè máà tún rí ẹlòmíràn tó lọ wò ó. Àwọn mìíràn á ní bí a bá ké ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kúrú, a ti bà á jẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Yíyọ orúkọ ẹ̀rọ àti ìṣirò kúrò kò pa ìwádìí lára. Yíyọ ààlà rẹ̀ kúrò ló ń sọ ọ́ di irọ́. Ní ti èdè, nílé níbí, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, bó bá fẹ́, lo èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyálọ́jà ní Yorùbá kò tí ì múra tán.

Àtakò tó le jù ni pé aṣòfin á kàn ya fọ́tò, á sì gbàgbé. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni Watson fi tẹpẹlẹ mọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ àfihàn ni òpin iṣẹ́ ló ń ṣòfò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé ojú kan dání, kó kọ àbájáde rẹ̀, ààlà rẹ̀, ẹni tó náwó sí i àti ohun kan tó ń béèrè sínú rẹ̀. Kó fi lé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì aṣòfin lọ́wọ́, nítorí òun ni yóò tún kà á. Kó kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Bí kò bá sì tí ì mọ ohun tó fẹ́ béèrè, kó dúró sílé ná, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.