Wíwọ Wi-Fi Ilé Láì Tẹ Pásíwọ́ọ̀dù

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí Wi-Fi ilé.

Kí ni Wi-Fi? Ẹ̀rọ kékeré kan ni a máa ń gbé sínú ilé. Ẹ̀rọ náà ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ìta, ó sì ń fọ́n ọn ká inú ilé láìlo wáyà. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè jọ máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó wọ inú àpò ni wọ́n ń pè ní MiFi.

Ẹ má ṣe da Wi-Fi pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ẹni tó ń gbé ní Ìdírókò mọ̀ pé fóònù òun lè ṣàdédé fò sọdá bodè, kí ó lọ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀. Wi-Fi ilé kì í rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Inú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tirẹ̀. Ó lè dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lè dé ilé aládùúgbò. Ẹ fi ilé aládùúgbò yẹn sọ́kàn, a ó tún kàn án.

Owó ni a fi ń ra dátà tí ẹ̀rọ náà ń lò. Nítorí náà ni a fi ń tì í, bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù.

Ìdí tí pásíwọ́ọ̀dù fi le

Pásíwọ́ọ̀dù tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kọ sí abẹ́ rẹ̀ a máa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé ní wàhálà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìjú nítorí èyí. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú ABD tí a jọ kọ́. C kò sí níbẹ̀. Q kò sí. V, X àti Z, wọn kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn lè wà nínú pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó mọ ABD rẹ̀ dáadáa lè bá lẹ́tà tí kò rí rí pàdé níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, B ńlá kì í ṣe b kékeré. Òdo, èyí tí a ń kọ báyìí, 0, jọ O ńlá bí ìbejì. Oókan, 1, jọ l kékeré, l kékeré náà sì tún jọ I ńlá. Àwa tí a ti fi ẹfun kọ̀wé sójú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ṣì máa ń gbé abẹ́ ẹ̀rọ náà súnmọ́ iná kí a tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi kì í dín ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8, ó sì lè tó 63. Bí a bá ṣi ẹyọ kan péré tẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe? Wọ́n á na fóònù sí ọmọ kan: “Jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ọmọ náà á gbà á, á sì dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni, inú fóònù yẹn ni iṣẹ́ tí báńkì rán sí wa wà, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹbí wà. Ọmọ rere pọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ohun tí à ń nà kiri. Ohun tó mú kí a yan ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Bí a bá mọ ọ̀nà tí a fi ń wọ Wi-Fi láì tẹ pásíwọ́ọ̀dù, fóònù kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àmì QR

Ẹ ti rí i rí. Àpótí kékeré onígun mẹ́rin ni, tí dúdú àti funfun dà pọ̀ sínú rẹ̀ wínniwínni. Ó máa ń wà lára páálí ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Masahiro Hara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Denso ní ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n ṣe é ní 1994, láti fi mọ àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń tò ó. Kò sí idán nínú rẹ̀. Ìwé ni, bí èyí tí ẹ ń kà yìí, àmọ́ ojú ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tó wà nínú àmì QR ti Wi-Fi ni orúkọ Wi-Fi náà àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan láti Ìlaròó lọ kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ayétòrò.

“Àbúrò mi, mo fẹ́ lo Wi-Fi yín.”

“Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mú fóònù yín dání, ẹ má fún mi. Tèmi ni n ó fi ṣe é.”

Fóònù àbúrò ti wà lórí Wi-Fi náà tẹ́lẹ̀. Ó ṣí ibi tí wọ́n kọ Settings sí, èyí tí àmì rẹ̀ rí bí àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín. Ó wọ ibi Wi-Fi, ó tẹ orúkọ Wi-Fi ilé rẹ̀. Ó rí Share; lórí fóònù mìíràn, QR ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù béèrè ìka rẹ̀ tàbí nọ́ńbà àṣírí tó fi ń ṣí i, kí ó lè dá a lójú pé ẹni tó ni ín ni. Lẹ́yìn náà ni àmì QR yọ sójú fóònù.

Ó kan ẹ̀gbọ́n. Ó ṣí kámẹ́rà fóònù tirẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí àmì náà bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n kò ya fọ́tò. Ó kàn dúró jẹ́ẹ́. Orúkọ Wi-Fi yọ sójú fóònù rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó parí. Kò tẹ lẹ́tà kankan.

Fóònù Android tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ ti 10, tó jáde ní 2019, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, lè ṣe èyí. Bí kámẹ́rà kò bá ka àmì náà, ẹ lọ sí ibi Wi-Fi nínú Settings. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Add network, ẹ ó rí àmì QR kékeré kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé iPhone ni àwọn méjèèjì ń lò, ó tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2017 ni iPhone ti ń ṣe é. Kí wọ́n tan Bluetooth, kí oníkálukú ti kọ orúkọ ẹnìkejì sínú fóònù rẹ̀, kí wọ́n súnmọ́ ara wọn. Bí àlejò bá ti fi ìka kan orúkọ Wi-Fi, fóònù onílé yóò béèrè bóyá ó fẹ́ fún un. Onílé á tẹ Share Password, ó tán.

Bọ́tìnnì WPS

Tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sábà ní kámẹ́rà. Fún irú wọn, ẹ wo ara ẹ̀rọ Wi-Fi bóyá bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ WPS sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, ẹ tẹ WPS lára tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Wọn yóò mọ ara wọn. Ẹ má wá a lórí fóònù ìgbàlódé. Android ti yọ ọ́ kúrò láti 2018, iPhone kò sì ní in rí.

WPS tún ní ọ̀nà kejì tí a kò fẹ́ kí ẹ lò. Nọ́ńbà 8 ni, PIN ni wọ́n ń pè é. Ní December 2011, Stefan Viehböck fi hàn gbogbo ayé pé ó ní àbùkù. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo nọ́ńbà 8 wò yóò dán 100,000,000 wò. Ó pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ̀rọ ń yẹ mẹ́rin àkọ́kọ́ wò lọ́tọ̀, ó sì ń sọ bóyá ó tọ̀nà. Mẹ́rin yẹn kò ju 10,000 lọ. Nínú mẹ́rin ìkẹyìn, ìṣirò ni a fi ń rí ọ̀kan, nítorí náà ó ku mẹ́ta láti wá, èyí tí í ṣe 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,000. Ó dà bí ìgbà tí a fi àgádágodo méjì ti ilẹ̀kùn, tí a wá ń ké sí olè pé, “Èkíní ti ṣí o!” Kọ̀ǹpútà lè ṣe 11,000 láàárín wákàtí díẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ kan ti ń ti ara wọn pa bí a bá ṣì í lẹ́ẹ̀mélòó kan. Síbẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó bá yín gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ pa ọ̀nà PIN náà. Bọ́tìnnì kò ní wàhálà yẹn, nítorí ó di dandan kí ènìyàn dé ibi tí ẹ̀rọ wà kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì ni

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí. Pé a kò tẹ pásíwọ́ọ̀dù kò túmọ̀ sí pé a kò fún ènìyàn ní pásíwọ́ọ̀dù. A ti fún un. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ ó tilẹ̀ rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àmì QR náà gedegbe. Fóònù àlejò kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, yóò wọlé fúnra rẹ̀. Àlejò náà sì lè mú àmì QR jáde lórí fóònù tirẹ̀, kí ó fi han ẹlòmíràn. Ẹni tí a yá ní kọ́kọ́rọ́ ti rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn.

Ẹ wá rántí ilé aládùúgbò. Ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lè máa fi dátà yín wo bọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Fóònù tó bá ti rí Wi-Fi a máa tún àwọn ohun inú rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, dátà á sì máa lọ. Onísọ̀ tó lẹ àmì QR mọ́ ògiri ìta ti pín kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí WhatsApp.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní ibi tí wọ́n ń pè ní Guest, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún yín. Ilẹ̀kùn àlejò ni, ó ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ẹ sì lè tì í nígbà tí ayẹyẹ bá parí. Bí kò bá ní in, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Lọ́gán tí ẹ bá ti yí i, àmì QR àtijọ́ di bébà lásán. Fóònù tiyín náà yóò jáde o, ẹ ó sì tún un wọ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, “Ẹ ṣí WhatsApp, kí ẹ fi ka àmì yìí, Wi-Fi ni,” ẹ kọ̀. Wi-Fi kì í gba inú WhatsApp wọlé. Àmì tí WhatsApp ń kà lè so WhatsApp yín mọ́ kọ̀ǹpútà ẹni náà, tí yóò fi máa ka ọ̀rọ̀ yín, tí yóò sì máa fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí yín. Kámẹ́rà, tàbí ibi Wi-Fi nínú Settings, ni kí ẹ máa lò.

Ìbéèrè

Lẹ́tà márùn-ún wo ni kò sí nínú ABD wa tí ó lè wà nínú pásíwọ́ọ̀dù? Ìṣẹ́jú mélòó ni a ní lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnnì WPS? Ayálégbé kan kó kúrò nílé yín ní ìparí oṣù, fóònù rẹ̀ sì mọ Wi-Fi yín; kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ mú fóònù méjì, kí ẹnìkan mú àmì QR jáde, kí ẹnìkejì fi kámẹ́rà kà á, láìjẹ́ pé fóònù kankan kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.