Ọ̀dùnkún Ẹ̀yìnkùlé
Ẹbí kan náà ni ọ̀dùnkún àti òdòdó onítàkùn tí ń là ní òwúrọ̀. Ìtànná wọn rí bí àrọ. Kí a gé ìtàkùn tí ara rẹ̀ dá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1, kí a ri ìdajì rẹ̀ sínú ebè ní ìgbà òjò. Ní oṣù 3 tàbí 4 a lè wà á.

Bí ebè bá sán, kí a tètè fi erùpẹ̀ dí i, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ a máa fi ọ̀dùnkún sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni fi owó pamọ́. Kòkòrò ni wọ́n ń bọ́. Èyí tí ó bá jẹ a máa korò. Ẹ má ṣe jù ú fún ẹran: màlúù tí ó jẹ ọ̀dùnkún tí ó ti bu lè kú.