Ẹ Wo Bárúkù Pẹ̀lú
Kíkà: Jeremáyà 32:6–15

Àwọn òbí ní Ìkirè àti Apòmù a máa bi wá pé: iṣẹ́ wo ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe, tí yóò fi mọ òwò ilẹ̀ àti ilé, kí àwọn tó kó owó ìfẹ̀yìntì lé e lọ́wọ́?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, Jeremáyà ra oko Hánámélì ní Ánátótì ní ṣékélì fàdákà 17. Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa dúró lórí ìgbàgbọ́ ẹni tó ra oko nígbà tí ogun dó ti ìlú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bárúkù akọ̀wé pẹ̀lú. Òun ni a fi ìwé méjèèjì lé lọ́wọ́ níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí, èyí tí a fi èdìdì dì àti èyí tí a ṣí sílẹ̀, kí ó tọ́jú wọn sínú ìkòkò amọ̀. Kì í ṣe òun ló ra oko náà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Irú iṣẹ́ Bárúkù ni kí a wá fún àwọn ọmọ wa.

Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pàápàá oko kòkó tí àwọn bàbá ńlá gbìn. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá lábẹ́ òfin. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì yí i padà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ kò gba ìdí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Ńṣe ló tún fi ìwé àṣẹ ìjọba kún un. Ọmọ tó ń to fáìlì ní ọ́fíìsì lọ́yà yóò rí gbogbo èyí ṣáájú ẹni tó ní owó lápò. Èyí tó ń di tépù mú lẹ́yìn sọ̀fíyọ̀ yóò mọ òkúta ààlà, yóò sì gbọ́ ohun tí àwọn tí wọ́n jọ pààlà ń sọ. Ibẹ̀ ni ìjà ilẹ̀ ti kọ́kọ́ ń fojú hàn.

Gbígba owó ilé náà ń kọ́ni. Bí ilé oníyàrá 8 bá ní yàrá 2 tó ṣófo fún oṣù 6, owó oṣù 12 ti lọ nínú 96, kí a tó kan páànù tó ń jò. Agbowó-ilé mọ èyí. Ẹni tó ń tà ilé kò ní sọ ọ́.

Ojú a máa ti àwọn òbí kan pé ọmọ tó gba dìgírì ń gbé tépù kiri inú igbó. Owó oṣù rẹ̀ kéré, òótọ́ ni. Àwa kò ka èyí sí ìtìjú. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni ẹni tí yóò máa bá jáde lọ sórí ilẹ̀, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kó ka ìwé tó ń gbé. Ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ ní kí ọmọ san owó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní kó lọ máa wá oníbàárà lásán, kì í ṣe olùkọ́.

Ọdún 2 ni àwa máa ń dá fún wọn. Kí owó náà wà ní báńkì títí di ìgbà náà.