Ẹ Tètè Ya Ẹnu Wò: Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti Ayétòrò dé Àwoyè, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ogógóró àti tábà kò ṣàjèjì sí wa létí òkun, bẹ́ẹ̀ egbò ẹnu wà lára ohun tí a máa ń fojú kéré jù.

1. Ẹ mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni jíìnì wà, òun ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan nínú wọn ni EGFR. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí sẹ́ẹ̀lì lè gba ìròyìn pé àkókò tó láti pọ̀ sí i, kí ojú ọgbẹ́ lè jiná. Bó bá wá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó di agogo akéde tí kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru: sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ láìsí ọgbẹ́ tó fẹ́ jiná. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú èyí tó pọ̀ jù lọ lára jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, tí jẹjẹrẹ ẹnu wà lára wọn; ibi tí EGFR bá sì ti pọ̀ gan-an, àrùn náà sábà máa ń le.

2. Ẹ má dá Málòkun, òòṣà òkun, lẹ́bi, ẹ má sì fẹ̀sùn kan ìyá àgbà kankan. Àbùkù jíìnì yìí kì í sábà jẹ́ ohun àjogúnbá. Èéfín tábà ń ba jíìnì jẹ́. Ọtí náà, bó bá dénú ara, ara a sọ ọ́ di májèlé tí wọ́n ń pè ní acetaldehyde. Ẹni tó bá ń mu méjèèjì, ewu tirẹ̀ ju àròpọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ fíìfíì.

3. Ẹ má fi ogógóró lé òtútù òkun. Kí ẹ tó tu ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn, kí ẹ mu ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aṣáà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè náà, tábà ni.

4. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Lóṣooṣù, ẹ mú dígí àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fa ètè sísàlẹ̀, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fi ahọ́n kan àjà ẹnu kí ẹ lè rí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wò. Àbàwọ́n funfun tí kò ṣeé nù kúrò, àbàwọ́n pupa, kókó líle, eyín tó ń mì láìnídìí, ẹ má fojú fò ó.

5. Ẹ má máa pààrọ̀ oògùn kẹ́míìsì lórí egbò kan náà. Ilé ìwòsàn UNIMED wà ní Oǹdó, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Wọn yóò gé ẹran bíńtín níbi egbò náà lọ yẹ̀ wò. Ẹ má gbà pé gígé yẹn ló ń mú àrùn tàn ká.

6. Ẹ má gbójú lé oògùn ìkẹyìn. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń ṣáájú, ìtànṣán lè tẹ̀ lé e. Oògùn kan wà tó ń dènà EGFR, cetuximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn lọ́dún 2006. Ní 2008, ìwádìí kan jáde láti Yúróòpù, lórí ènìyàn 442 tí àrùn náà ti padà sí lára tàbí tó ti tàn ká. Àwọn tó gba ìtọ́jú kẹ́mò nìkan lo nǹkan bí oṣù 7.4 láyé, àwọn tí wọ́n fi cetuximab kún tiwọn lo oṣù 10.1. Oògùn olówó gọbọi ni, kò sì dájú pé ẹni tí EGFR rẹ̀ pọ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lè jèrè ọ̀pọ̀ ọdún.

7. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò HPV, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 fún ọmọ ọdún 9 sí 14. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kòkòrò yẹn náà ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

8. Ẹ mú àwọn bàbá yín dání. Àwa àgbà ni àrùn yìí ń bá jù, àwa náà la sì ń sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Egbò tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu wa, ẹ má bá wa jiyàn. Ẹ gbé wa sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìgbókòdá, kí a gba ibẹ̀ kọjá sí ilé ìwòsàn.