Àpótí Ìmọ̀: Ọtí àti Oògùn Olóró Níbi Iṣẹ́ Yunifásítì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àmọ́ ògógóró tí kẹ́míkà olóró tó ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni wọ́n mu.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù kan náà wà nínú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò àwọn yunifásítì, irú FUTA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún 1981. Kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti ọtí. Bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ti gbé paraga mì kó tó wọṣẹ́, ta ni yóò ka àkọlé ara ìgò?

Ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn nílùú Oǹdó, tún gbẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ ní ẹ̀ka ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, iṣẹ́ ìṣègùn sì ń mú èèyàn fọwọ́ kan oògùn apàrora tó ń di bárakú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onítìípa ló yẹ kí mọ́fíìnì máa wà: nọ́ọ̀sì tó mú un jáde á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹlòmíì á fọwọ́ sí i. Èyí kì í ṣe ìfura rárá; àìsùn òru lè ti ọmọlúàbí dé ibi tí kò rò. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó rí ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Ẹ̀dọ̀ tó ń mú ọtí kúrò lára kì í kánjú. Kọfí tàbí omi tútù kò lè mú un yára. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì tó mutí di ọ̀gànjọ́ lè ṣì ní ọtí lára ní aago méje àárọ̀. Kí ẹlòmíì bá a wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.